Ọjọ́ Díẹ̀ Tí Ó Kù Nínú Ìsinmi Gígùn

Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdọọdún, ìbéèrè kan a máa jẹyọ nínú ọ̀pọ̀ ilé: ìsinmi gígùn àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń lọ sópin, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ó kù, kí ni kí a fi í ṣe? Bàbá fẹ́ kí ọmọ jókòó ti ìwé. Ìyá fẹ́ kí ó ran òun lọ́wọ́ ní ìsọ̀. Ìyá àgbà ránṣẹ́ láti Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ pé àárò àwọn ọmọ-ọmọ òun ń sọ òun. Ọmọ fúnra rẹ̀ fẹ́ ṣeré. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí.

Àárín ìparí oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ni ìsinmi yìí sábà máa ń bọ́ sí, ìgbà òjò sì ni. Ní apá tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Yorùbá, òjò a máa dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Ní Kàdúná, oṣù yẹn gan-an ni ó máa ń rọ̀ jù. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ rìnrìn-àjò fi èyí sọ́kàn.

Nígbà kan rí, ilé-iṣẹ́ ni ó ń bá ọ̀pọ̀ ìdílé pinnu. Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, United Nigerian Textiles sì tẹ̀ lé e ní àwọn ọdún 1960. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ bá fún bàbá ní ìsinmi ni a ń kó ọmọ relé. Ti àkọ́kọ́ ti ìlẹ̀kùn ní 2002. Èkejì dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní 2007, kí ó tó tún ṣí lápá kan ní 2010. Lónìí, púpọ̀ nínú yín ni ó dá iṣẹ́ ara yín sílẹ̀. Kò sí ọ̀gá tí yóò dá ọjọ́ fún yín, owó ọkọ̀ sì ti wọ́n. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó pinnu.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ ní ṣíṣe ni kí a ka ọjọ́ láti ẹ̀yìn wá. Ẹ béèrè ọjọ́ ìwọlé gan-an lọ́wọ́ ilé-ìwé, nítorí ti ìjọba àti ti aládàáni lè má dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ọjọ́ 14 ni ó kù. Ẹ yọ 4 tí ó kẹ́yìn sọ́tọ̀ fún aṣọ ilé-ìwé, irun dídì tàbí gígẹ̀, ìwé rírà àti oorun. Bí ẹ óò bá rìnrìn-àjò, ọjọ́ kan ni àlọ, ọjọ́ kan ni àbọ̀. Ó ku 8 péré. Nígbà tí a bá rí 8 yìí lójú kedere, a ó mọ̀ pé gbogbo ohun tí ó wà lọ́kàn wa kò lè gbà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà sì wí pé ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo.

Èwo wá ni a ó mú? Èrò tiwa ni pé kí ẹ kọ́kọ́ fi ọjọ́ wọ̀nyí ṣe ohun tí ilé-ìwé kò ní ráyè ṣe fún ọmọ. Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ń dúró dè é ní kíláàsì. Ta ni yóò kọ́ ọ ní oríkì orílẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀? Ọmọ tí a bí sí Makera a máa sọ Haúsá ní ìta, a máa sọ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé. Bí a kò bá ṣọ́ra, Yorùbá yóò di èdè tí ó ń gbọ́ ṣùgbọ́n tí kò lè fi dáhùn. Ó dára púpọ̀ kí ọmọ gbọ́ èdè ìlú tí ó ń gbé. Síbẹ̀, ilé-ìwé yóò tún ṣí lọ́dún tí ń bọ̀. A kò lè fọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀ nípa ìyá àgbà.

Ṣé dandan ni kí a relé nígbà náà? Lóòótọ́, àjò kò lè dùn títí kí onílé má relé. Ní ayé àwọn bàbá wa, ojú irin ni ó mú un rọrùn. Láti Èkó ó dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tí ó fi di 1912, ó ti gba Òṣogbo, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Jẹ́bà kọjá, ó gba Kàdúná, ó sì dé Kano. Ọ̀nà ti yàtọ̀ báyìí. Ojú irin tuntun láti Abuja sí Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta 2022 àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ tí ó ń bọ̀ láti Abuja, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì jí àwọn mìíràn gbé. Oṣù kejìlá ọdún náà ni ọkọ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nítorí náà, ẹ bi àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀nà kọjá léèrè. Ẹ má rìn lóru. Ẹ má sì fi àbọ̀ sí ọjọ́ tí ó ṣáájú ìwọlé, nítorí ìkánjú ni ó ń mú awakọ̀ fi òru rìn. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ dúró. Ẹni tí ó dúró kò ṣẹ̀.

Ẹni tí kò lè lọ lè fi tẹlifóònù pe ilé ní àṣálẹ́. Kí ọmọ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ìyá àgbà: Ta ni ó sọ mí lórúkọ, kí sì ni ìdí rẹ̀? Kí ni oríkì wa? Iṣẹ́ wo ni àwọn òbí yín ń ṣe? Kí ó kọ ìdáhùn náà sínú ìwé ní èdè Yorùbá. Bí kò bá sí àgbà nílé mọ́, àgbà Yorùbá kò wọ́n ní Makera.

Ní ti ìwé kíkà, ìbẹ̀rù bàbá ní ìdí. Ní 1996, Harris Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ. Wọ́n rí i pé, ní ìpíndọ́gba, ohun tí ọmọ ń pàdánù nígbà ìsinmi gígùn tó ẹ̀kọ́ oṣù kan, ti ìṣirò sì pọ̀ ju ti ìwé kíkà lọ. Ẹ̀kọ́ oṣù kan kò ṣeé fi àìsùn òru mẹ́ta gbà padà. Ìdajì wákàtí lójoojúmọ́ ni kí ẹ fi sí i. Bí ọmọ bá sì ń ka ṣéńjì fún oníbàárà ní ìsọ̀ ìyá rẹ̀, ìṣirò ni ó ń ṣe. Ìfẹ́ bàbá àti ti ìyá ti pàdé níbẹ̀.

Orúkọ Makera fúnra rẹ̀ jẹ mọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ní èdè Haúsá. Bí ọmọ yín bá ti lo ìsinmi lọ́dọ̀ aránṣọ tàbí ajórin, ẹ mú un lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kí ọjọ́ tó tán. Kí ọmọ má lọ láìdágbére.

Nípa oorun, ẹgbẹ́ àwọn dókítà onímọ̀ oorun ní Amẹ́ríkà sọ ní 2016 pé ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́, ẹni ọdún 13 sí 18 sì nílò 8 sí 10. Ọmọ tí ó ti ń sùn ní agogo mọ́kànlá kò lè ṣàdéédéé padà sí mẹ́sàn-án. Bí ẹ bá fi ìdajì wákàtí fà á sẹ́yìn ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, alẹ́ mẹ́rin ni yóò gbà. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ yọ ọjọ́ 4 sọ́tọ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ kan, ẹ jókòó pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, kí ẹ sì fi odidi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún eré. Ẹ kọ ìpinnu yín sórí ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Nígbà tí ilé-ìwé bá ṣí, ẹ bi ọmọ náà pé: kí ni o mọ̀ báyìí nípa ilé rẹ tí o kò mọ̀ ní oṣù keje? Bí ó bá rí ohun kan fi dáhùn, ìsinmi náà kò lọ lásán. Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín.