Epo àti ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ kékeré: Kí ló dé tí ẹ̀ńjìnnì fi tètè ń nọ́ọ̀kì?

Bí iná bá ti lọ ní Agége, láti Pen Cinema títí dé Òkè-Kòtò, kì í pẹ́ tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kéékèèké fi ń gba àdúgbò kan. Bákan náà ló rí ní Ọ̀gbà àti láwọn òpópónà tó yí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá Ọba Àkran ká ní Ìkẹjà. Ilé iṣẹ́ ńlá lè ra jẹnẹrétọ̀ dísù. Àmọ́ aránṣọ, onígbàjámọ̀ àti ẹni tó ń bá èèyàn chárjì fóònù, "I better pass my neighbour" ni wọ́n gbójú lé. Bí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ bá nọ́ọ̀kì, owó ọjọ́ náà ti wọgbó nìyẹn, owó àtúnṣe sì ń dúró.

Èèyàn á ní ọjà China ni kò ṣeé lò pẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò ni kẹ́ẹ̀gì epo: ṣé ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀ tó, àbí ó pọ̀ jù, ṣé irú èyí tó yẹ sì ni?

Ẹ̀ńjìnnì two-stroke ni jẹnẹrétọ̀ yìí ń lò. Ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ ńlá àti ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tó wà nígboro lónìí ní ibi tí ọ́ìlì ń jókòó sí nísàlẹ̀ ẹ̀ńjìnnì. Two-stroke yìí kò ní. Epo bẹntiróò fúnra rẹ̀ ló ń gba abẹ́ písítìn kọjá kó tó dé ibi tí yóò ti jóná, ọ́ìlì tí wọ́n pò mọ́ ọn ló sì ń fi kan bíárìn, ríǹgì àti ara sílíńdà bó ṣe ń lọ. Lẹ́yìn náà, ọ́ìlì náà á jóná tẹ̀lé epo. Ìdí nìyí tí ọ́ìlì àná kò fi lè ṣiṣẹ́ fún tòní.

Àwọn àgbà tó gun Vespa láyé ọjọ́un mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Vespa tí Piaggio bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Ítálì lọ́dún 1946, two-stroke ni. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde ń gba ọ́ìlì lítà kan sí bẹntiróò lítà 20. Nígbà tó yá, wọ́n tún ẹ̀ńjìnnì náà ṣe, ó di lítà kan sí 50. Yamaha ní tiwọn gbé pọ́ǹpù ọ́ìlì jáde ní 1964, wọ́n pè é ní Autolube, ẹni tó ń gun alùpùpù náà kò ní láti po nǹkan kan mọ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò ní pọ́ǹpù ọ́ìlì. Ọwọ́ ẹni tó ń bu epo sí i ni pọ́ǹpù rẹ̀.

50:1 ni ọ̀pọ̀ nínú jẹnẹrétọ̀ yìí ń fẹ́, ìyẹn mílílítà 20 ọ́ìlì sí lítà epo kan. Kẹ́ẹ̀gì lítà 4 á gba 80, lítà 5 á gba 100. Bí ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá bá sọ ohun mìíràn, ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé. Sìríǹjì mílílítà 20 tí wọ́n ń tà ní kẹ́místì tó o wọ̀n: ẹ̀ẹ̀kan fún lítà kan. Ó sàn ju ìdérí ìgò lọ, torí ìdérí ò dọ́gba, ó sì sàn púpọ̀ ju "ẹ fi díẹ̀ sí i" lọ.

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ó rọrùn kéèyàn rò pé kóun dín ọ́ìlì kù, kówó lè ṣẹ́kù. Ìṣirò yẹn kò jọra wọn rárá. Ọ́ìlì inú kẹ́ẹ̀gì lítà 4 kò tó ìdajì ife tíì. Bí kò bá sì tó, písítìn á gbóná, á wú, á máa ha ara sílíńdà. Ríǹgì á lẹ̀, agbára á lọ. Tó bá burú, písítìn á gan mọ́ sílíńdà, okùn ò ní ṣe é fà mọ́.

Kéèyàn wá da ọ́ìlì púpọ̀ sí i kó lè "lágbára", ìyẹn náà ń pa á, díẹ̀díẹ̀ ni. Pọ́lọ́ọ̀gì á dúdú, á rin fún ọ́ìlì, ẹ̀rọ ò ní tètè dìde. Èédú á dì sínú sàìlẹ́ńsà àti ihò tí èéfín ń gbà jáde. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò rò: bí ọ́ìlì bá ti pọ̀ jù nínú epo, bẹntiróò tó ń gba ojú kábúrétọ̀ kọjá á dínkù, ẹ̀ńjìnnì á sì lè máa gbóná sí i.

Ọ́ìlì mọ́tò kọ́ ni kẹ́ ẹ lò o. Ó ní kẹ́míkà tó máa ń fi eérú sílẹ̀ bó bá jóná. Ti two-stroke ni wọ́n ṣe kó lè jóná láìfi ìdọ̀tí púpọ̀ sílẹ̀. Ẹ wo ara ìgò bóyá ẹ máa rí JASO FB, FC tàbí FD, tàbí API TC. Condemned oil tí wọ́n fà jáde lára mọ́tò, ẹ má tilẹ̀ gbé e súnmọ́ ọn, èérún irin wà nínú rẹ̀.

Inú kẹ́ẹ̀gì ni kẹ́ ẹ ti pò ó, kì í ṣe inú táǹkì. Ọ́ìlì wúwo ju bẹntiróò lọ. Bẹ́ ẹ bá dà á sínú táǹkì tààrà, ìsàlẹ̀ ló máa lọ, òun ló sì máa kọ́kọ́ wọ kábúrétọ̀. Ẹ da ìdajì epo, ẹ da ọ́ìlì sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kẹ́ ẹ tó fi ìyókù kún un. Ẹni tó ń ra èyí tí wọ́n ti pò kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà kò lè fojú mọ ìwọ̀n rẹ̀. Àwọ̀ pupa tàbí búlúù tó ń rí, aró tí wọ́n fi sínú ọ́ìlì ni.

Èéfín díẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kì í ṣe àìsàn. Bó bá ń rú tùù títí, ọ́ìlì ti pọ̀ jù nìyẹn. Bí kò bá rú èéfín rárá, tí ohùn rẹ̀ wá ń dún bí irin tó ń gbo irin, ẹ pa á kíá.

Bó ti wù kí ìwọ̀n ọ́ìlì náà pé tó, carbon monoxide wà nínú èéfín yẹn. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Ìta gbangba, tó jìnnà sí fèrèsé, ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kì í ṣe kọ́rídọ̀ tàbí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi pákó dí. Bí epo bá sì tán lójú iṣẹ́, ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó ṣí ìdérí táǹkì, kódà kí oníbàárà máa kanra.