Bí Ìmọ́lẹ̀ Méjì Ṣe Tú Àṣírí Mólíkù

Bí ènìyàn bá ké "Ìyá Ìbejì!" láàárín ọjà, kì í ṣe ẹnì kan ni yóò dáhùn. Bí ọ̀rọ̀ mólíkù inú gáàsì ṣe rí nìyẹn. Òmíràn ń rọra yí, òmíràn ń yí bíríbírí, òmíràn tún ń gbọ̀n. Oríṣiríṣi ipò kúáńtọ́ọ̀mù ni wọ́n wà. Bí a bá tan ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo sí wọn, ìdáhùn wọn a dàpọ̀ mọ́ra.

Ará ilẹ̀ Faransé méjì, Alfred Kastler àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Jean Brossel, ló dábàá ọ̀nà àbáyọ lọ́dún 1949, lórí átọ́ọ̀mù. Brossel àti Francis Bitter dán an wò lára mẹ́kúrì ní MIT, l'Amẹ́ríkà. Ìmọ́lẹ̀ gbé átọ́ọ̀mù lọ sí ipò gíga, ìgbì rédíò sì sún un bọ́ sí ipò tó wà nítòsí rẹ̀. Nígbà tí ìgbì náà bá bá àlàfo àárín ipò méjèèjì mu wẹ́kú, ìmọ́lẹ̀ tí mẹ́kúrì ń tú jáde a yí padà. Èsì wọn jáde lọ́dún 1952. Kastler gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1966.

Iná mẹ́kúrì ló ṣiṣẹ́ fún mẹ́kúrì, ṣùgbọ́n irú iná bẹ́ẹ̀ kò sí fún ọ̀pọ̀ mólíkù, àfi ìgbà tí lésà dé lọ́dún 1960. Àwọ̀ lésà ayé ìgbà náà kò ṣeé yí bó ṣe wuni, nítorí náà mólíkù tó bá a mu ni wọ́n ń wá. Lọ́dún 1970, Takeshi Oka àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà rí i pé ámóníà bá lésà kan mu, wọ́n sì fi maikirowéèfù ṣe ìtànṣán kejì. Lésà tó ṣeé yí àwọ̀ rẹ̀ ló tú wọn sílẹ̀ lẹ́yìn náà.

Lọ́dún 2021, ẹgbẹ́ Aleksandra Foltynowicz ní Yunifásítì Umeå, ní Súwídìn, pẹ̀lú Kevin Lehmann ní Virginia, tẹ iṣẹ́ wọn lórí gáàsì mẹ́tẹ́ènì jáde. Lésà àkọ́kọ́, tí ìgbì rẹ̀ tó máíkrómítà 3.3, fa mólíkù ipò kan pàtó yọ láàárín èrò. Ìkejì, ní nǹkan bí 1.67, kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọ̀ tí àlàfo wọn dọ́gba sínú ìtànṣán kan, ó sì bi wọ́n léèrè lẹ́ẹ̀kan náà.

Mẹ́tẹ́ènì gbígbóná wà lójú sánmà àwọn pílánẹ́ẹ̀tì kan tó ń yí ìràwọ̀ mìíràn po. Bí a bá se gáàsì náà gbóná nínú yàrá ìwádìí, èrò á tún pọ̀ sí i. Ọ̀nà lésà méjì yìí dé àwọn ipò gíga tí mólíkù gbígbóná máa ń wà, nínú gáàsì tí wọ́n fi náítírójìn olómi mú tutù, èsì rẹ̀ sì di òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń yẹ ìṣirò kọ̀ǹpútà nípa mẹ́tẹ́ènì wò.