Lọ́jọ́ tí bitcoin pín sí méjì, ta ló gba ìpín mi?

Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, ọdún 2017, iná ò sí ní ilé wa ní Badore, Ajah. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń fi ìwọ̀nba bátìrì tó kù lórí fóònù mi wo owó mi. Mo ní ààbọ̀ bitcoin, ìyẹn 0.5, lọ́dọ̀ ilé pàṣípààrọ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ti gbọ́ pé bitcoin máa pín lọ́jọ́ náà, pé ẹni tó bá ní bitcoin kan máa ní Bitcoin Cash kan pẹ̀lú ẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Mo wò ó, mo tún un wò. Bitcoin mi wà níbẹ̀. Èkejì ò yọjú.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ikota Shopping Complex. Òun náà ní 0.5, inú wallet orí fóònù ẹ̀ ló sì fi í sí. Bitcoin Cash tiẹ̀ ti wà nílẹ̀ dè é.

"Àbúrò, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ ẹ wà?"

"Kọ́kọ́rọ́ wo, ẹ̀gbọ́n?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti tán. Àwọn ló ní bitcoin. Gbèsè ni wọ́n jẹ ọ́."

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe jẹ́.

Bitcoin kì í ṣe nǹkan tó wà nínú fóònù ẹnikẹ́ni. Ìwé àkọsílẹ̀ ni. Ẹ fojú inú wo àdúgbò kan ní Sangotedo tí wọ́n ń dá owó jọ, àmọ́ tí wọn ò ní akápò. Gbogbo ilé ló ní ẹ̀dà ìwé kan náà. Tí wọ́n bá ti kọ ojú ewé tuntun, gbogbo ilé á dà á kọ. Ojú ewé yẹn là ń pè ní búlọ́ọ̀kù. Lọ́jọ́ kan, ìjà dé. Apá kan ní ká yí òfin padà, apá kejì yarí, kálukú sì gbé ẹ̀dà tiẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá ti kọ orúkọ yín pẹ̀lú ₦50,000 kí ìjà tó dé, ó wà nínú ìwé méjèèjì. Láti ojú ewé tó tẹ̀ lé e ni ìwé méjì ò ti jọra mọ́. Bóyá ìwé kejì máa níye lórí, ọjà ló máa sọ ìyẹn.

Fún bitcoin, búlọ́ọ̀kù 478,558 ni ojú ewé ìkẹyìn tí wọ́n jọ ní.

Kí ni wọ́n ń jà lé lórí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti jókòó sínú gó-sílóò lójú ọ̀nà Lekki sí Epe máa tètè yé. Búlọ́ọ̀kù kan ń wọlé ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ohun tó sì lè gbà ò ju mẹgabáìtì 1 lọ. Èrò pọ̀, ọ̀nà kéré, ẹni tó bá sanwó jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ jẹ́ kó kọjá. Apá kan ní ká fẹ ọ̀nà, ká sọ búlọ́ọ̀kù di mẹgabáìtì 8. Apá kejì ní tí ìwé bá tóbi jù, mẹ̀kúnnù ò ní lè tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ilé mọ́, àwọn olówó nìkan ló máa kù nídìí ẹ̀; wọ́n ní ká to ẹrù inú ọkọ̀ dáadáa ni. Èmi ò ṣe ẹjọ́ yẹn. Àwọn tó fẹ́ fẹ ọ̀nà bá tiwọn lọ. Nígbà tí búlọ́ọ̀kù wọn àkọ́kọ́ jáde, ní nǹkan bí aago méje alẹ́ níbí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹgabáìtì 2, bíi pé wọ́n fẹ́ fi han ayé.

Orúkọ tó wà nínú ìwé yẹn kì í ṣe Ṣadé tàbí Kúnlé o. Nọ́ńbà gbọọrọ ni, kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ kan ṣoṣo ló sì lè bá a buwọ́lùwé. Wallet kì í tọ́jú owó, kọ́kọ́rọ́ yẹn ló ń tọ́jú. Ìdí nìyí tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀gbọ́n mi fi ṣí ìwé méjèèjì. Èmi ní tèmi, ilé pàṣípààrọ̀ da bitcoin mi pọ̀ mọ́ ti gbogbo oníbàárà sínú àpò ńlá wọn, wọ́n wá kọ orúkọ mi sínú ìwé tiwọn. Ìwé tiwọn ò pín. Nínú ìwé tó pín, èmi ò sí níbẹ̀ rárá.

Mo kọ lẹ́tà sí wọn. Wọ́n ní àwọn ti fi ìméèlì ránṣẹ́ tipẹ́ pé àwọn ò ní ṣe Bitcoin Cash, pé kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó owó ẹ̀ jáde kí ọjọ́ náà tó pé. Lóòótọ́ ni, ìméèlì náà wà láàárín àwọn tí mi ò ṣí.

Kì í ṣe èmi nìkan. Coinbase ní Amẹ́ríkà náà kọ́kọ́ ní àwọn ò ní ṣe é. Àwọn oníbàárà fárígá, àwọn kan lérí pé àwọn máa lọ sílé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ, wọ́n yí ohùn padà, wọ́n sì pín in fún wọn ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá. Kí n má parọ́, àwọn ilé pàṣípààrọ̀ náà ní ẹjọ́ tiwọn: wọ́n gbọ́dọ̀ kọ sọ́fítíwíà tuntun, kí wọ́n ti ìfowósí àti ìkówójáde pa títí nǹkan á fi rójú, kí wọ́n sì pinnu èwo nínú méjèèjì ló máa jẹ́ orúkọ àtijọ́. Àmọ́ níbí, ta lẹ máa fi wọ́n sùn? Ní oṣù Kìíní ọdún yẹn, CBN ti kọ̀wé sí àwọn báńkì pé ilé-iṣẹ́ tó bá fọwọ́ kan irú owó yìí, ewu ara ẹ̀ ló gbé.

Nígbà tó di oṣù Kejìlá, Bitcoin Cash kan ti kọjá $3,000. Landlord mi ń béèrè ₦350,000, owó ilé ọdún kan. Mo ṣe ìṣirò 0.5 tí mi ò gbà ní ₦360 sí dọ́là kan: ₦540,000. Mi ò tún ìṣirò yẹn ṣe mọ́. (Ẹ̀gbọ́n ti ta tiẹ̀ láti oṣù Kẹjọ, ní nǹkan bí $300 fún ọ̀kan. Ó fi ra bátìrì inverter. Òun náà kì í fẹ́ ká sọ ọ́.)

Ewu kan wà tó ṣòro láti rí. Nígbà tí Ethereum pín ní ọjọ́ 20 oṣù Keje 2016, lẹ́yìn tí olè ti kó nǹkan bí mílíọ̀nù 3.6 ether nínú The DAO, ìbuwọ́lùwé kan náà ló ń ṣiṣẹ́ lórí Ethereum àti Ethereum Classic. Tí ẹ bá san ether 10 fún mi níhìn-ín, mo lè mú ìbuwọ́lùwé yín lọ sọ́hùn-ún, kí n gba 10 míì, láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Àwọn kan ṣe é fún àwọn ilé pàṣípààrọ̀ tí ò tètè fura. Bitcoin Cash yí ìbuwọ́lùwé tiẹ̀ padà kírú ẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí àdírẹ́sì ẹ̀ dà bíi ti bitcoin gẹ́lẹ́. Àwọn èèyàn ń ṣi owó fi ránṣẹ́ títí tí wọ́n fi mú irú àdírẹ́sì mìíràn wá ní oṣù Kìíní 2018.

Ní oṣù Kẹwàá 2017, Bitcoin Gold tún ya kúrò lára bitcoin. Ojú òpó kan jáde pé kí èèyàn kọ ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24 wallet ẹ̀ síbẹ̀, kó lè gba tiẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì fi jí owó tó lé ní mílíọ̀nù 3 dọ́là. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣí ojú òpó yẹn, ó ti kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Ló bá dúró. Ó kọ́kọ́ ṣí wallet tuntun pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tuntun, ó kó bitcoin ẹ̀ lọ síbẹ̀, ó dúró títí ó fi wọlé. Lẹ́yìn náà ló tó padà sórí ọ̀rọ̀ àtijọ́, tí kò sí bitcoin kankan nídìí ẹ̀ mọ́, láti lọ wá Bitcoin Gold. Ìpín tuntun ò bá bitcoin kó lọ, torí inú ìwé kejì ló wà. Bí wọ́n bá wá jí kọ́kọ́rọ́ àtijọ́, ìpín tuntun nìkan ni wọ́n máa rí kó.

Bí èmi náà ṣe ṣe nìyẹn nígbà tí Ethereum yí ètò ẹ̀ padà ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án 2022, tí àwọn awakùsà tí ò gbà fi ya EthereumPoW sọ́tọ̀. 0.2 ether mi wà nínú wallet ara mi, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo gba ìpín mi, mo sì tà á. Ó tó owó ọkọ̀ láti Ajah dé CMS, pẹ̀lú gálà kan àti omi tútù.