Àwòdì kò ra epo: Ilé ẹ̀kọ́ bàálù aláìlẹ́ńjìnnì tó wà ní Ghana nígbà kan

Òṣìṣẹ́ tó bá ti pẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ tó wà láti Ìkẹjà dé Agége yóò ti rí i rí. Bí oòrùn bá mú lọ́sàn-án gangan, àwòdì a máa yípo lókè òrùlé páànù, kò ní gbọn ìyẹ́, síbẹ̀ ṣe ni yóò máa ga sí i. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ti orí páànù gòkè ló ń gbé e.

Ọgbọ́n yìí náà ni wọ́n fi ń wa glider, ìyẹn bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Bàálù mìíràn lè fi okùn fà á gòkè, ẹ̀rọ ilẹ̀ sì lè fi wáyà fà á. Bí okùn bá ti tú, ó ku awakọ̀ àti afẹ́fẹ́. Nínú ẹgbẹ́ wọn, ẹni tó bá pẹ́ tó wákàtí 5 lókè, tó rin kìlómítà 50, tó sì fi mítà 1,000 ga sí i, ni wọ́n ń fún ní báàjì fàdákà. Kìlómítà 50 ju Ìkẹjà sí Ṣágámù lọ, láìsí epo kankan!

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ló ṣe é. Ní ọdún 1962, Ààrẹ Kwame Nkrumah gba obìnrin ará Jámánì kan, Hanna Reitsch, sí Ghana láti dá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Afienya, nítòsí Tema. Nkrumah fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ fi kọ́ ìgboyà àti ìkóra-ẹni-níjàánu.

Àmọ́ ta ni olùkọ́ yìí? Hanna ti dán bàálù ogun wò fún ìjọba Hitler, Hitler fúnra rẹ̀ sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Iron Cross. Ní oṣù kẹrin ọdún 1945, tí ọmọ ogun Rọ́ṣíà ti yí Berlin ká, ó ṣì bá bàálù wọ ìlú náà lọ bá Hitler. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wá ń kọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú! Òun náà jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé tẹ́lẹ̀ rí, kò lè wá sí òun lọ́kàn láti mú aláwọ̀ dúdú ní ọ̀rẹ́. Ẹ̀yin àgbà ni kí ẹ dá ẹjọ́ yẹn.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1966, nígbà tí Nkrumah wà lẹ́yìn odi, àwọn sójà gba ìjọba rẹ̀. Hanna fi Ghana sílẹ̀, iṣẹ́ Afienya sì dópin. Àwọn ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ òṣèlú kò kàn ni ó ṣe jù. Hanna kọ ìwé nípa iṣẹ́ náà ní ọdún 1968, ní èdè Jámánì.