Aláǹtakùn Tó Ń Tàkìtì ní Aṣálẹ̀ Mòrókò: Kí Ló Sọ Ọ́ Di Ẹ̀yà Tuntun?

Ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Mòrókò, nítòsí ààlà Àlùjíríà, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Erg Chebbi. Òkè iyanrìn ló kún ibẹ̀, òmíràn nínú wọn sì ga tó nǹkan bí 150 mítà. Àwọn àlejò tó ń wá ṣe afẹ́ mọ ibẹ̀ dunjú, torí láti abúlé Merzouga ni wọ́n ti ń gun ràkúnmí wọ inú iyanrìn náà. Lọ́sàn-án, èèyàn lè rìn títí níbẹ̀ kó máà rí ohun abẹ̀mí kankan. Ooru ti lé gbogbo wọn wọlé. Ilẹ̀ ní láti ṣú kí wọ́n tó jáde wá oúnjẹ.

Òru yìí gan-an ni Ingo Rechenberg fi ń rìn káàkiri ibẹ̀. Kì í ṣe onímọ̀ aláǹtakùn rárá. Ẹnjiníà ni, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Berlin ní Jámánì. Iṣẹ́ tó yàn láàyò ni kó máa wo ọgbọ́n tí àwọn ẹ̀dá ń dá, kó sì wò ó bóyá ẹ̀rọ lè kọ́ ọ. Láti àwọn ọdún 1960 ni orúkọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu àwọn onímọ̀ ìṣirò, torí ó wà lára àwọn tó dá ọ̀nà kan sílẹ̀ tí wọ́n fi ń tún iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe bí ìran ẹ̀dá ṣe ń yí padà: ẹ yí nǹkan díẹ̀ padà, ẹ mú èyí tó dára jù, ẹ tún yí ìyẹn náà padà. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ló pàdé aláǹtakùn yìí.

Bí wọ́n bá fín aláǹtakùn náà níràn, yóò kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè bí ẹni tó fẹ́ jà. Bí ìyẹn ò bá dẹ́rù ba ọ̀tá, yóò sáré. Ibi tí ó ti ń sáré yẹn ló ti máa ju ara rẹ̀ sókè, tí yóò tàkìtì, tí ẹsẹ̀ yóò kanlẹ̀, tí yóò tún tàkìtì, léraléra, bí ọmọ eléégún lójú agbo. Nígbà tó bá fẹsẹ̀ sáré lásán, nǹkan bíi mítà kan ló ń lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá ń tàkìtì, ó ń lọ tó mítà méjì. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 7 ní wákàtí kan, ó yá ju ìrìn ẹsẹ̀ tèmi tẹ̀yin lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, gígùn ara rẹ̀ ò ju nǹkan bíi sẹ̀ntímítà méjì lọ. Wọ́n tilẹ̀ ti rí i tó ń tàkìtì lọ bá ohun tó ń dà á láàmú dípò kó sá fún un. Nínú aṣálẹ̀ tí kò sí igbó tàbí òkúta tí èèyàn lè sá pamọ́ sí, èmi ò rò pé ìwà agọ̀ ni.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń ṣe é. Òkìtì yìí ń gba agbára púpọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè ṣekú pa á bó bá pọ̀ jù. Ìgbà tí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu nìkan ló ń lò ó.

Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ìtàn yìí yóò rò pé òkìtì yìí ló mú kí wọ́n pè é ní ẹ̀yà tuntun. Rárá o. Ìwà tí ẹ̀dá ń hù kì í sábà tó ẹ̀rí. Kódà, lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ̀ nípa òkìtì náà, èrò wọn ni pé Cebrennus villosus ni, ìyẹn aláǹtakùn kan tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ tipẹ́ ní Tùnísíà àti Àlùjíríà. Ní ìrísí, àwọn méjèèjì jọ ara wọn débi pé ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Aláǹtakùn náà ti ń tàkìtì lójú àwọn èèyàn, orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n sì ń pè é.

Ẹni tó tú ọ̀rọ̀ náà ni Peter Jäger, onímọ̀ aláǹtakùn ní ilé ìwádìí Senckenberg ní ìlú Frankfurt. Agboolé aláǹtakùn tí wọ́n ń pè ní Sparassidae ni ó mọ̀ bí ẹni mọ owó. Àwọn wọ̀nyí kì í ta àwọ̀n láti fi mú ẹran, ńṣe ni wọ́n ń dọdẹ kiri. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n: aláǹtakùn ńlá pẹlẹbẹ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri ilé lóru, tí abo rẹ̀ ń gbé àpò ẹyin funfun mọ́ àyà, nínú agboolé yẹn ló ti wá. Èyí tó ń wá sílé wa, Heteropoda venatoria, tàn dé ibi gbogbo tó móoru láyé. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni ti aṣálẹ̀ yìí, bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀.

Abẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá ni Jäger ti ṣiṣẹ́ náà. Ohun tí àwọn onímọ̀ aláǹtakùn máa ń kọ́kọ́ wò ni ẹ̀yà ìbímọ. Akọ aláǹtakùn ní ọwọ́ kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, ibẹ̀ ló ń kó àtọ̀ sí kó tó lọ bá abo. Bí orí ọwọ́ náà ṣe rí àti bí ojú ara abo ṣe rí máa ń yàtọ̀ láti ẹ̀yà dé ẹ̀yà, ìyàtọ̀ yìí sì ṣeé gbára lé ju àwọ̀ tàbí bí ó ṣe tóbi tó. Níbẹ̀ ni ẹ̀rí ti jáde pé ti Mòrókò kì í ṣe villosus. Irun gígùn líle tún wà ní ẹnu rẹ̀ àti lára ọwọ́ kékeré yẹn, èyí tó fi ń gbé iyanrìn nígbà tó bá ń gbẹ́ ilé. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, nínú ihò tó dúró lóòró, òwú ara rẹ̀ ló sì fi ń so iyanrìn pọ̀ kí ògiri má baà wó. Ibẹ̀ ló ń sá fún oòrùn sí.

Lọ́dún 2014, Jäger tẹ àpèjúwe rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ẹranko tó ń jẹ́ Zootaxa, ó sì fi orúkọ ẹnjiníà náà sọ ọ́: Cebrennus rechenbergi. Òfin àgbáyé wà fún irú ìsọmọlórúkọ bẹ́ẹ̀. Àpèjúwe gbọ́dọ̀ jáde ní gbangba, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yan òkú ẹ̀dá kan tí yóò dúró fún orúkọ náà, kí ẹni tó bá ń jiyàn lọ́la lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Inú ọtí líle ni wọ́n ń tọ́jú irú rẹ̀ sí. Gbogbo ẹranko yòókù, orí ìwé Carl Linnaeus tó jáde ní 1758 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ wọn, àwọn aláǹtakùn nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda fún láti ka tiwọn padà sí 1757, nítorí ìwé tí ará Sweden kan, Carl Clerck, kọ nípa wọn. (Jäger kan náà ti fi orúkọ olórin David Bowie sọ aláǹtakùn kan ní Malaysia. Ó ní òun fẹ́ kí ayé fiyè sí àwọn ẹ̀dá tó lè parun. Ó jọ pé ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́, torí èmi náà rántí rẹ̀.)

Òkìtì títa nínú iyanrìn kì í ṣe ti Mòrókò nìkan. Ní aṣálẹ̀ Namib lápá gúúsù Áfíríkà, Carparachne aureoflava, tí òun náà jẹ́ ará agboolé yìí, máa ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, tí yóò sì yí gbirigbiri sọ̀kalẹ̀ òkè nígbà tí agbọ́n bá ń lé e. Ṣùgbọ́n òkè ló ń gbé e lọ. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, ó di dandan kó fẹsẹ̀ sá. Ti Mòrókò ń fi agbára ara rẹ̀ tàkìtì lórí ilẹ̀ títẹ́jú, àní ó ń tàkìtì gun òkè pàápàá.

Ìyẹn ló wu Rechenberg jù. Ó ṣe róbọ́ọ̀tì kékeré kan, Tabbot, tó ń rìn, tó sì ń yí bíi ti aláǹtakùn náà. Ó ń retí pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò wúlò lóko, ní ìsàlẹ̀ òkun, tàbí lórí pílánẹ́ẹ̀tì Mars. Ọdún 2021 ló kú.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, iye ẹ̀yà aláǹtakùn tó ti ní orúkọ pé 50,000 nínú ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé tí wọ́n ń tọ́jú ní Bern, ní Switzerland. Wọ́n sì fojú bù ú pé ó kéré tán, iye kan náà ṣì wà níta tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ lórúkọ. Lójú tèmi, ọwọ́ tó lè wo irun ẹnu aláǹtakùn lábẹ́ awò ló wọ́n, aláǹtakùn ò wọ́n. Nínú ìwé 2014 yẹn gan-an, ẹ̀yà tuntun mẹ́rin ni Jäger sọ lórúkọ. Àwọn ìwé ìròyìn káàkiri ayé gbé onítàkìtì jáde, wọ́n sì kà á mọ́ ẹ̀dá tuntun mẹ́wàá tó gbayì jù lọ lọ́dún 2015. Àwọn mẹ́ta yòókù ò tàkìtì, nítorí náà Zootaxa nìkan ni ẹ ti máa rí wọn.