Fortnight: Ọjọ́ Mélòó Gan-an Ni?

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18 oṣù November 1969, ìjọba Kofi Busia ní Ghana kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú lọ gbà á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n kúrò nílùú. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún wọn.

Nílùú Tamale, lápá àríwá Ghana, inú ọjà ni ọ̀rọ̀ náà ti dun àwọn Yorùbá jù. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho, Ṣakí àti Ìlọrin ti ń tajà lágbègbè yẹn tipẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn sí. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní Ghana lọ́dún 1960, àwọn Yorùbá ibẹ̀ lé ní 100,000. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ ta ọjà tó wà nílẹ̀, kó gba owó tí wọ́n jẹ ẹ́, kó wá ọkọ̀, kó sì kó ìyàwó àtọmọ lọ sílé tí àwọn ọmọ náà kò dé rí.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Fortnight ni wọ́n ń pè é. Tí ọmọ ilé ìwé bá kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ yìí, ó lè rò pé ogójì ló wà níwájú rẹ̀. Kì í ṣe ogójì o, mẹ́rìnlá ni. Láyé àtijọ́, òru ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ka ọjọ́, torí náà òru mẹ́rìnlá ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n tún ní sennight, ìyẹn òru méje, fún ọ̀sẹ̀ kan, àmọ́ ìyẹn ti kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn. Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í sábà lo fortnight, ṣùgbọ́n ó ṣì wọ́pọ̀ ní Ghana, Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Tí wọ́n bá ní kí Yorùbá túmọ̀ rẹ̀, ìtàdógún ló máa ń yára wá sọ́kàn àwọn àgbà, torí òun ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àti ìdílé fi ń ṣèpàdé. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Tí Yorùbá bá ń ka ọjọ́, ó máa ń ka ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tí wọ́n bí ní Ọjọ́rú fi ń gba orúkọ ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, tí a sì ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ. Ìdí nìyẹn náà tí ọjọ́ tó ṣáájú àná fi ń jẹ́ ìjẹta. Ọjà tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń bọ́ sí. Ọjà mẹ́rin irú ẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 16, tí a bá sì ka ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ́ ọn, ó di 17. Ìtàdógún nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ìkéde ọdún 1969 wò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì láti ọjọ́ 18 oṣù November parí ní ọjọ́ 2 oṣù December. Ṣùgbọ́n ìtàdógún bọ́ sí ọjọ́ 4. Ẹni tó bá lo ìṣirò ìtàdógún á ti fi ọjọ́ méjì pẹ́, ọjọ́ méjì yẹn sì tó láti sọ ọ́ di arúfin.

Àwọn Faransé tó ń ṣàkóso Benin àti Togo nígbà kan tún ní ìṣirò tiwọn. Quinze jours, ìyẹn ọjọ́ 15, ni wọ́n ń pe ọ̀sẹ̀ méjì, torí wọ́n ka ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ́ ọn bíi tiwa. Torí náà, bí wọ́n bá dá quinze jours fún ẹ̀gbọ́n ní Kétu, tí wọ́n sì dá fortnight fún àbúrò ní Tamale lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ kan náà ló máa pé fún àwọn méjèèjì.

Lọ́dún 1983, ó kan àwọn ará Ghana. Ní ọjọ́ 17 oṣù January, ìjọba Shehu Shagari ní Nàìjíríà ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ máa lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, títí di ọjọ́ 31. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù là ń pè ní Ghana Must Go títí dòní.

Báwo lẹ ṣe lè kọ́ àwọn ọmọ yín ní ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ fún wọn ní kàlẹ́ńdà. Tí òní bá jẹ́ ọjọ́ Ajé, fortnight á pé ní ọjọ́ Ajé, kì í ṣe èyí tó ń bọ̀ yìí, èyí tó tẹ̀ lé e ni. Ẹ ṣọ́ra fún biweekly ní tiẹ̀, torí àwọn kan ń lò ó fún ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àwọn míì ń lò ó fún ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ oògùn ni, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Àwọn àgbà ní, a dá ọjọ́, ọjọ́ pé. A dá oṣù, oṣù kò. Torí náà, tí dókítà, olùkọ́ tàbí onílé bá dá fortnight fún yín, ẹ má tijú láti béèrè pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo nínú oṣù nìyẹn?” Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú ẹni náà.