Olú orí ìtì ọ̀pẹ: ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó jẹ ẹ́

Ní ìgbèríko Adja-Ouèrè, a máa ń gé ọ̀pẹ lulẹ̀ láti dá ẹmu àti láti fi ṣe sódábì. Ìtì ọ̀pẹ tí ó bá kù sí oko yóò jẹrà. Bí òjò bá rọ̀, olú yóò hù lára rẹ̀. Olú ọ̀pẹ nìyẹn. Ó dùn nínú ọbẹ̀, ó sì ń ṣe ara lóore. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo olú ni a ń jẹ.

Báwo ni a ṣe ń dá a mọ̀?

Ara ìtì tí ó ń jẹrà ni ó ti ń hù. Ní kékeré, ó dà bí ẹyin. Bí ó bá là, awọ ẹyin náà yóò kù sí ìdí rẹ̀ bí àpò. Kò ní òrùka lẹ́sẹ̀. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lábẹ́ agboòrùn rẹ̀ máa ń funfun ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá gbó, wọn a pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Èyí tí ó jọ ọ́

Àwọn olú kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Amanita. Òmíràn nínú wọn ní oró tí ń pa ènìyàn. Àwọn náà ń jọ ẹyin ní kékeré, ọ̀pọ̀ wọn sì ní àpò ní ìdí. Ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń hù, ìlà abẹ́ wọn sì sábà máa ń funfun títí. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, ènìyàn méjì kú nítorí pé wọ́n jẹ Amanita phalloides ní Canberra, olú-ìlú Ọsirélíà. Àwọn tí ó ti Éṣíà lọ sí òkèèrè máa ń ṣì í mú fún ìbátan olú ọ̀pẹ tí wọ́n ń jẹ nílé.

Nítorí náà, ẹ fi ọ̀bẹ gbẹ́ olú tìdí-tìdí. Bí a bá já a lọ́rùn, a kò ní rí àpò rẹ̀. Àmì kan ṣoṣo kò tó; ẹ wo gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ má sọ pé olú tí ìgbín jẹ kò lóró. Irọ́ ni. Síse àti sísá kì í pa oró Amanita phalloides.

Bí ẹnì kan bá jẹ olú olóró

Inú rírun, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru lè má bẹ̀rẹ̀ títí wákàtí 6 sí 24. Lẹ́yìn náà, ara lè fúyẹ́ díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín: oró náà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lọ́wọ́. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ mú ìyókù olú náà dání.

Olú tí ojú wa kò bá mọ̀, kí ó má wọ ìkòkò wa.

Ẹ jẹ́ kí a jíròrò: Olú wo ni ó ń hù lára igi ní abúlé yín? Ta ni ó mọ̀ wọ́n jù, tí ó lè fi wọ́n han àwọn ọmọ?